Màmá mi ti pé 64, gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀nà wo ni òfin ìjọba là sílẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Kò rọrùn fún mi láti sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó ti ju ohun tí èmi nìkan lè gbé lọ.

Wọ́n pé ọdún 64 ní oṣù Kẹjọ 2025. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúnkún ti sọ ọ́ di méjì, owó oṣù náà sì ti já wálẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí mo lọ bá wọn tún yàrá ṣe ni mo bá àwọn lẹ́tà tí wọn ò ṣí. Credit card méjì, nǹkan bí £9,000. Owó tí wọ́n yá ní báńkì nígbà òkú bàbá wọn ní Abẹ́òkúta, ó ku nǹkan bí £6,000. Council tax, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé tí èèyàn ń gbé, ti èṣí àti ti ọdún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £2,000. Àwọn kéékèèké mìíràn wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sí £18,000.

Ilé káńsù ni wọ́n ń gbé, wọn ò jẹ owó ilé. Pásípọ́ọ̀tù ìlú yìí wà lọ́wọ́ wọn. Owó ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń bá wọn kó jọ tó £12,000. Bailiff káńsù, ẹni tí wọ́n ń rán wá gba gbèsè, ti já ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí wọ́n fa £12,000 yẹn jáde, kí wọ́n fi dí ibi tó bá lè dí. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i? Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba ní ètò kankan fún àgbàlagbà tí kò tíì tó gba pẹ́ńṣàn, tí agbára iṣẹ́ sì ti ń tán lára ẹ̀?

Bàbá Woolwich

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú màmá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń yọ̀ǹda ara mi níbi tí wọ́n ti ń gba onígbèsè nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, irú lẹ́tà tí o bá yẹn ló ń kún tábìlì wa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò lè dúró.

Kí màmá má fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì yẹn. Níbi tó wà báyìí, ọwọ́ àwọn oní-credit card ò tó o. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, náà kì í kà á mọ́ ẹni tí kò tíì pé ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fà á jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá fà á, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni kò ní owó orí. Ìyókù, ìjọba á yọ tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń yọ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó di ìgbà tí èèyàn bá kọ̀wé béèrè kí wọ́n tó dá a padà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á wá di owó inú báńkì tí gbogbo ètò ìrànwọ́ máa kà sí wọn lọ́rùn. Gbèsè £18,000 ò ní tán, ọjọ́ ogbó á sì ti ṣófo. Gbèsè tí òfin lè pa rẹ́, kí ló dé tí a ó fi oúnjẹ ọjọ́ ogbó san án? Èyí ni mo máa ń bá àwọn èèyàn wa jà lé lórí jù, nítorí ìtìjú ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè kúrò nílẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n là á yé wọn, Pension Wise ti ìjọba ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti tó ọdún 50.

Èkejì, Breathing Space. Òfin ni fún gbogbo England àti Wales, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2021. Fún ọjọ́ 60, èlé dúró, owó ìjìyà dúró, ìpè dúró, bailiff dúró. Council tax tó ti kọjá wà nínú ẹ̀. Èèyàn kì í fúnra rẹ̀ wọlé síbẹ̀, olùgbani-nímọ̀ràn gbèsè ló máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. StepChange, National Debtline, Citizens Advice, kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀ nínú wọn. Ẹ pe ọ̀kan lọ́la, kí màmá jókòó tì ọ́, torí wọ́n á fẹ́ gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó lè bá ọ sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbọ́dọ̀ máa san owó ilé, iná àti council tax tó ń bọ̀ lọ́wọ́ lákòókò yẹn o. Gbèsè àtẹ̀yìnwá nìkan ni ọjọ́ 60 yẹn bò. Owó ìtanràn ilé ẹjọ́ ò sí nínú ẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fúnni, nítorí náà kí wọ́n má lò ó láìní ètò ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí àárẹ̀ ọpọlọ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó máa gùn tó ìtọ́jú náà, pẹ̀lú ọjọ́ 30 lórí ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bailiff. Kì í ṣe Òṣómàáló tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó á fi jáde; òfin ti fa ààlà fún un. Fún council tax, kò gbọdọ̀ fipá wọlé tí kò bá tíì wọlé rí, kò gbọdọ̀ gba ojú fèrèsé, kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ há ilẹ̀kùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ilẹ̀kùn tí wọn ò tì wọlé, ó ti wọlé nìyẹn. Kí màmá máa ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ láti inú. Bí mọ́tò bá wà níta, ó lè de táyà ẹ̀.

Adé Manchester

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ, mo fara mọ́ ọn. Kí n fi ẹyọ kan kún un: lọ́gán tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ gbèsè lórí Google àti Facebook, ìpolówó á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé yín, pé ìjọba ti ṣe òfin tí wọ́n máa fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè yín rẹ́. IVA ni wọ́n sábà ń tà, àdéhùn lábẹ́ òfin láti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ọdún 5 tàbí 6 ló sábà máa ń gbà, owó iṣẹ́ wọn sì wà nínú ohun tí ẹ ń san lóṣooṣù. Ẹni ọdún 64 tó bá wọ̀ ọ́ lónìí á ti tó 69 tàbí 70 kó tó jáde. Tí orúnkún ò bá jẹ́ kí wọ́n lè san mọ́ láàárín, IVA lè fọ́, gbèsè á sì padà dé. Àwọn kan wà tó bá lára mu, mi ò sọ pé kò dáa fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta á kọ́ ló yẹ kó sọ fún yín pé ó bá yín lára mu.

Àǹtí Croydon

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, Debt Relief Order ni wọ́n fi yọ wọ́n. DRO ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀ £90 ni èèyàn máa san kí wọ́n tó ṣe é, ìjọba fagi lé owó yẹn ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2024. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gbé iye gbèsè tó lè wọ̀ ọ́ dé £50,000, mọ́tò tí èèyàn ní sì lè tó £4,000.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: tí ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ lóṣù lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé àti iná ò bá ju £75 lọ, tí gbogbo ohun ìní ẹ láìka mọ́tò àti àwọn nǹkan ilé tí ò ṣeé má nìí ò bá ju £2,000, ọdún kan ni àwọn olówó ò ní lè fọwọ́ kàn ẹ́. Tí ọdún náà bá pé tí nǹkan ò sì yí padà, gbèsè náà parẹ́. Council tax tó ti kọjá á parẹ́ pẹ̀lú. Ó máa wà nínú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì fún ọdún 6. Fún ẹni ọdún 64 tí kò fẹ́ ra ilé níbí mọ́, èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kó dá oorun dúró lójú ẹni.

Ẹ̀gbọ́n náà ní ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti ń fi owó oúnjẹ san èlé kí ẹnì kan tó sọ fún wọn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan wà tí mi ò kọ lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ṣàgámù. Iwájú ò tíì ní òrùlé. Yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ti parí. Rìsíìtì ilẹ̀ wà lórúkọ wọn, kò sí C of O. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn kàn wọ́n níbí?

Ṣèyí T

Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ilé o. Ta ló fẹ́ wọ bàálù lọ Ṣàgámù nítorí £18,000? Ilé tí kò tíì ní òrùlé, tí kò ní C of O, ilé ta ni? Ẹ jẹ́ kí màmá gba DRO wọn, kí ara tù wọ́n.

Bàbá Woolwich

Ṣèyí, mo mọ̀ pé àánú màmá ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn léwu, mi ò sì lè jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò mọ sí ìlú yìí. Ohunkóhun tí èèyàn bá ní níbikíbi láyé ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá fọwọ́ sí irọ́ lórí DRO ti ṣẹ̀ sófin, wọ́n lè gba DRO náà padà kí gbogbo gbèsè jí dìde, wọ́n sì lè fi ìdènà ọlọ́dún púpọ̀ sí i lọ́rùn. Ti Universal Credit, jìbìtì ni wọ́n máa pè é, owó tí wọ́n ti gbà á di gbèsè tuntun. Kò sì dìgbà tí ẹnì kan bá lọ Ṣàgámù. Olùgbani-nímọ̀ràn á béèrè ìwé báńkì. Owó símẹ́ǹtì, owó bíríkìlà, owó páànù tí màmá ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù wà níbẹ̀ gbangba.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun kan tó ń ba àwọn àgbàlagbà wa jẹ́ níbí ni. Òfin ìlú yìí ka ilé tí èèyàn ń kọ́ nílé sí owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè kó lè ní ibi tó máa fẹ̀yìn tì sí, ilé yẹn gan-an ló ń dí ọ̀nà ìrànwọ́ mọ́ ọn. Mi ò rò pé ó tọ́ kí wọ́n wo ilé aláìlórùlé bí ẹni ń wo owó inú báńkì, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún aṣòfin àgbègbè wa. Ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi yí i padà, inú òfin tó wà ni a ó ti wá ọ̀nà.

Ọ̀nà kì í ṣe ọ̀kan. DRO ní tirẹ̀ le: tí ilé náà bá lè mú ju £2,000 wá, DRO ti bọ́. Universal Credit yàtọ̀: ohun ìní tí kò bá tó £6,000, wọn ò kà á. Láti £6,000 dé £16,000, wọ́n á máa yọ £4.35 lóṣù lórí £250 kọ̀ọ̀kan. Tó bá ju £16,000, kò sí Universal Credit. Pension Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tó ti tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn tí owó rẹ̀ kò tó, tí wọ́n á wò nígbà náà ò ní òpin bẹ́ẹ̀: £10,000 àkọ́kọ́ ò sí nínú ìṣírò, lẹ́yìn náà wọ́n á ka £500 kọ̀ọ̀kan sí £1 lọ́sẹ̀.

Iye wo ni wọ́n máa ń lò? Iye tí ẹni tó fẹ́ rà á á san lọ́jà lónìí, kì í ṣe iye tí màmá ti ná sí i. Rìsíìtì tí kò ní C of O máa ń fa iye wálẹ̀. Ẹ wá estate surveyor tó ní ìwé àṣẹ ní Ṣàgámù tàbí Abẹ́òkúta kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò bàbá ò tó.

Ìbéèrè tèmi: ta ló ń gbé nínú yàrá mẹ́ta yẹn?

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Ìyá àgbà ni, ìyá tó bí màmá mi. Wọ́n ti lé ní 85. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá àgbà ni wọ́n ti kó wá síbẹ̀.

Bàbá Woolwich

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ mú èyí dání lọ: òfin Universal Credit sọ pé ilé tí ìbátan tímọ́tímọ́ ń gbé bí ilé ara rẹ̀, tí ìbátan náà sì ti kọjá ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn, wọn kì í kà á sí ohun ìní. Ìyá ẹni jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́. Ẹ sọ fún olùgbani-nímọ̀ràn ní kedere pé ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀, kó wò ó lórí ilé tó wà lókè òkun, kó sì bá yín kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè. Bí òṣìṣẹ́ DWP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́, bá kọ̀, èèyàn lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò, kó sì gba ibẹ̀ dé ilé ìgbẹ́jọ́ tribunal láìsan kọ́bọ̀.

Àmọ́ àyè yẹn ò dé DRO. Nítorí náà, tí iye ilé bá ju £2,000 lọ bí mo ṣe rò, ohun tí màmá máa ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 60 ni kí StepChange tàbí ẹlòmíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tò ó fún wọn, kí wọ́n máa san ìwọ̀nba tí agbára wọn ká. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń ṣẹ́ kù lóṣù, £1 fún olówó kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun ìtìjú, a máa ń kọ ọ́, wọ́n sì máa ń gbà á. A tún máa ń kọ lẹ́tà pẹ̀lú ìwé dókítà, pé ọjọ́ orí àti àìlera rèé, kí wọ́n fagi lé e. Àwọn kan máa ń gbà. Bankruptcy, kíkéde lábẹ́ òfin pé èèyàn ò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, wà, £680 ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé Ṣàgámù á bọ́ sábẹ́ ẹni tó ń bójú tó ohun ìní onígbèsè. Mi ò ní fi màmá síbẹ̀.

Ti council tax, káńsù lágbára lábẹ́ Section 13A òfin Local Government Finance Act 1992 láti dín in kù tàbí pa á rẹ́ fún ẹni tí nǹkan le fún. Èèyàn ló máa kọ̀wé béèrè. Kí ẹ béèrè Council Tax Reduction lọ́tọ̀, àti ẹ̀dínwó 25% bí màmá bá ń dá gbé.

Ìyá Alájọ SE18

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: ṣé màmá ń dá àjọ?

Mo béèrè nítorí ohun tí ojú mi rí. Èèyàn á ti kó àjọ ní oṣù kejì, ó ku oṣù mẹ́wàá tó máa fi dá a padà, gbèsè báńkì á wá dé. Ó dáa, ta ló máa kọ́kọ́ san? Ọ̀pọ̀ wa á ní àjọ ni, torí orúkọ. Ojú tí a fi ń wo ara wa nínú ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì ju lẹ́tà báńkì lọ. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fẹ́ gba DRO tàbí bankruptcy, owó àjọ tó jẹ, gbèsè ni, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Bó bá sáré lọ san fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí kó tó forúkọ sílẹ̀, kó sì fi báńkì sílẹ̀, wọ́n lè sọ pé ó ṣègbè. Fún ẹbí, wọ́n lè wo ọdún méjì sẹ́yìn. Tí kò bá sì tíì kó tirẹ̀, owó tó ti dá sílẹ̀ jẹ́ ohun ìní, kó sọ ọ́.

Àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ fún wọn ní gbangba: ẹ tètè sọ fún mi. Mo lè yí oṣù tí èèyàn máa kó padà. Mi ò lè ṣe nǹkan kan tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ìwé ti jáde.

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Rárá, wọ́n ti jáwọ́ nínú àjọ láti ìgbà àrùn Corona. Ẹ ṣé, Màmá.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìn Tì

Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ orúnkún, torí ibẹ̀ ni gbèsè ti wá.

Tí màmá pé 64 ní oṣù Kẹjọ 2025, a jẹ́ pé 1961 ni wọ́n bí wọn. Láti oṣù Karùn-ún 2026 ni ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn ń gòkè láti 66, ti màmá á sì jẹ́ 67 gééré. Oṣù Kẹjọ 2028 nìyẹn. Ọdún tó wà láàárín yìí ni ìjọba fẹ́ kí wọ́n máa fi orúnkún yẹn gbé arúgbó ẹlẹgbẹ́ wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí àwọn òṣèlú ń sọ pé a ti ń pẹ́ láyé sí i. Ẹni tó jókòó ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ń pẹ́ láyé sí i. Ẹ wá wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin tí a jọ ṣe wọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo fẹ́ kí màmá ṣe: kí wọ́n béèrè PIP, owó ìjọba fún ẹni tí àìlera ń dí lọ́wọ́, nísinsìnyí. Kò kan owó tí wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́, kò kan ilé Ṣàgámù, kò kan owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí ara ò lè ṣe mọ́ ló ń wò: wíwẹ̀, wíwọṣọ, sísè oúnjẹ, rírìn. Ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 3 tó ti ń dà wọ́n láàmú, kó sì jẹ́ pé ó máa wà fún oṣù 9 sí i. Ìdí tí mo fi ní nísinsìnyí ni pé ẹni tó bá ti pé ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn ò lè bẹ̀rẹ̀ PIP mọ́. Attendance Allowance ni wọ́n á fún un, £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀ ní 2025/26, kò sì ní apá ti ìrìn rárá. Ẹni tó bá ti wà lórí PIP kó tó pé ọjọ́ orí lè máa gbà á lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ìwà ọmọlúàbí dáhùn. Tí wọ́n bá bi àwọn màmá wa pé ṣé wọ́n lè rìn, wọ́n á ní “a dúpẹ́”. Kí wọ́n sọ bó ṣe rí ní ọjọ́ tí ara bá le jù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dúró sinmi kí wọ́n tó dé ibùdó bọ́ọ̀sì? Ta ló ń bá wọn wọ ìbọ̀sẹ̀?

Ti ibi iṣẹ́: láti 2011 ni kò ti sí òfin pé kí ẹni ọdún 65 lọ jókòó sílé. Ọ̀gá ò lè lé wọn nítorí ọjọ́ orí. Lábẹ́ Equality Act 2010, tí orúnkún yẹn bá ti dí iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti tún iṣẹ́ náà ṣe fún wọn: iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀, iṣẹ́ fífún aláìsàn ní oògùn, ohun tí kò ní gbígbé nínú. Kí wọ́n kọ ìbéèrè náà sórí ìwé, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà.

Universal Credit lè fi kún owó oṣù tó já yẹn. Tí dókítà bá kọ fit note, ìwé tó sọ bí ara wọn ṣe lè ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n gbé e sórí àkáǹtì wọn lọ́gán kí àyẹ̀wò lè bẹ̀rẹ̀. Owó àfikún fún ẹni tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ jẹ́ £423.27 lóṣù ní 2025/26, ṣùgbọ́n fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti oṣù Kẹrin 2026, bí ìdajì rẹ̀ ni. Kí wọ́n má jókòó dúró. Tó bá dà bíi pé wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, New Style ESA, owó fún ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, wà, àkọsílẹ̀ National Insurance wọn (owó tí ìjọba ń yọ lára owó oṣù) ti ẹnu àìpẹ́ ló ń wò, kò béèrè ilé, kò béèrè owó tó wà ní báńkì.

Bí wọ́n bá ti ń gba Universal Credit tí gbèsè ìjọba sì wà nílẹ̀, láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2025, ohun tí wọ́n lè yọ lóṣù fún ọ̀pọ̀ gbèsè ò gbọdọ̀ ju 15% owó ìpìlẹ̀ lọ. 25% ni tẹ́lẹ̀.

Táyé Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tèmi wà níbí lórí físà tí wọ́n kọ “no recourse to public funds” sí, pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Wọ́n jẹ gbèsè credit card. Ṣé wọ́n lè sún mọ́ gbogbo èyí tí ẹ ń sọ?

Àǹtí Croydon

Táyé, kí bàbá má béèrè Universal Credit, Pension Credit, PIP tàbí Council Tax Reduction, gbogbo wọn wà nínú ohun tí físà yẹn kọ̀, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́. Ẹ̀dínwó 25% ti ẹni tó ń dá gbé ò sí lára ẹ̀, wọ́n lè gbà á. Breathing Space àti DRO kì í ṣe owó ìrànwọ́, òfin gbèsè ni. Pẹ́ńṣàn ìjọba tí wọ́n fi owó National Insurance ra náà kò sí lára ẹ̀. Kí wọ́n sọ irú físà tí wọ́n ní fún olùgbani-nímọ̀ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Kọ́lá Thamesmead

Ẹ jẹ́ kí màmá kíyè sí ìrìn àjò, torí ìyá àgbà wà nílé, ẹni tó lé ní 85. Ẹni tó ń gba Universal Credit ò gbọdọ̀ kúrò nílùú yìí ju oṣù kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ sọ kó tó lọ. Bó bá jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ ló kú, wọ́n lè fi oṣù kan sí i. Pension Credit jẹ́ ọ̀sẹ̀ 4, ó lè tó 8 nítorí òkú. A mọ bí ètò ìsìnkú ṣe máa ń gùn nílé, kí wọ́n ronú ẹ̀ kí wọ́n tó gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Tó bá jẹ́ pé èrò wọn ni láti lọ jókòó sí Ṣàgámù tí wọ́n bá pé 67, State Pension á tẹ̀ lé wọn lọ, ṣùgbọ́n á dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún níbí kì í dé Nàìjíríà. Pension Credit, PIP àti Attendance Allowance ò ní tẹ̀ lé wọn rárá. Kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ National Insurance wọn lórí ìkànnì gov.uk: ọdún 10 ni ó kéré jù kí èèyàn tó rí nǹkan kan gbà, 35 ni èyí tó kún, £230.25 lọ́sẹ̀ ní 2025/26.

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. A pe àwọn olùgbani-nímọ̀ràn gbèsè, màmá fúnra wọn ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹkún díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n sọ ti Ṣàgámù pẹ̀lú. Breathing Space ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ bailiff, wọn ò tíì padà wá. A ti ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù PIP ránṣẹ́. Àbúrò mi ti gbà pé kí owó ìfẹ̀yìntì dúró síbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta ń wá surveyor.

Ohun tó kù tó ń rú mi lójú ni àwọn ọjọ́ 60 yìí. Kí ló lè mú kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ wa?

Bàbá Woolwich

Ohun méjì ló máa ń ba tiwọn jẹ́. Àkọ́kọ́, kí màmá má gba gbèsè tuntun tó ju £500 lọ, ọjà àwìn inú catalogue pẹ̀lú. Èkejì, láàárín ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 35, olùgbani-nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò bóyá wọ́n ṣì ń san owó ilé, iná àti council tax tó ń bọ̀. Bó bá wá wọn tí kò rí wọn, ó lè fòpin sí i. Ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà tí a ò mọ̀ ló ń pè, àwọn àgbà wa kì í sì í gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí àwọn olówó. Fi nọ́ńbà tìrẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ti màmá, kí màmá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lè bá ọ sọ̀rọ̀. Bí ìwé iye ilé bá ti dé láti Ṣàgámù, ẹ má dúró de ọjọ́ 60, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà.